Ọjọ́ Tí Orin Já Mọ́ Wa Lẹ́nu

Wọ́n ní kí n kọ nǹkan fún àwọn akọrin. Mo kọ́kọ́ fẹ́ kọ nípa bí a ṣe ń múra orin sílẹ̀ ṣáájú ọjọ́ Ìsinmi, ṣùgbọ́n bí mo ti mú kálàmù, ọ̀rọ̀ kan tí ó ti wà lọ́kàn mi láti ọdún 1997 kò jẹ́ kí n kọ òmíràn. Ọ̀rọ̀ ìtìjú ni fún mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí ó ti rí.

Nígbà náà, n kò tíì lọ sí ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni mí, èmi sì ni olórí ẹgbẹ́ akọrin ní ìjọ kékeré kan ní àdúgbò Challenge, ní ìlú Ìlọrin. Gbọ̀ngàn tí a háyà ni a ti ń jọ́sìn. Títì kò jìnnà sí wa. Bí a bá ń gbàdúrà lọ́wọ́, àwọn ọkọ̀ akérò a máa fun fèrè bí ẹni pé wọ́n ń ṣe àmín. Àwa àti àwọn Mùsùlùmí ni a jọ ń gbé àdúgbò, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó bá mọ Ìlọrin ti mọ̀, a sì ń bá ara wa ṣe ọdún. A ti dáwó ra dùùrù oníná kan, àlòkù ni, ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí bí a ṣe ń gbé e, ẹ ó rò pé àpótí ẹ̀rí ni.

Ọdún Àjíǹde ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko ni a fi dánra wò fún orin ńlá kan tí wọ́n tú láti èdè Gẹ̀ẹ́sì. A pín in sí ohùn mẹ́rin. Àwọn obìnrin rán aṣọ. Alábòójútó àgbègbè wa ń bọ̀ wá bá wa jọ́sìn, mo sì fẹ́ kí ó mọ̀ pé àwa tí a wà ní Challenge pàápàá mọ orin kọ. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀yin ará mi, èrò tí ó wà lọ́kàn mi nìyẹn. Ògo Ọlọ́run ni mo ń fi ẹnu sọ.

Ọmọkùnrin kan tí kò ju ọdún mẹ́rìndínlógún lọ ni ó ń tẹ dùùrù fún wa. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Fúnra rẹ̀ ni ó kọ́ dùùrù náà, kò sí ẹni tí ó kọ́ ọ. Òun náà ni a fi iṣẹ́ jẹnẹrétọ̀ lé lọ́wọ́, nítorí pé ọmọdé ni, iṣẹ́ tí àgbà kò bá sì fẹ́ ṣe nínú ìjọ, ọwọ́ ọmọdé ni ó máa ń bọ́ sí. Ẹ rántí pé epo bẹntiróòlù wọ́n gan-an ní ọdún náà. Àwọn ènìyàn ń sùn sórí ìlà ní ilé epo. Akápò fún un ní owó lọ́jọ́ Ẹtì pé kí ó lọ ra epo sílẹ̀ de ọjọ́ Ìsinmi.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àjíǹde, NEPA ti mú iná lọ kí a tó ṣí ilẹ̀kùn. A tan jẹnẹrétọ̀. Ìsìn ń lọ dáadáa. Nígbà tí ó kan àwa akọrin, a dìde pẹ̀lú aṣọ funfun wa, ọmọ náà tẹ dùùrù, a sì bẹ̀rẹ̀. Ẹsẹ kìíní dùn débi pé mo rí i tí alábòójútó ń mi orí. Ní àárín ẹsẹ kejì, jẹnẹrétọ̀ húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì kú.

Dùùrù dákẹ́. Gbohùngbohùn dákẹ́. Àwa náà kò mọ ibi tí a wà mọ́. Àwọn obìnrin gòkè lọ, àwọn ọkùnrin gba ọ̀nà ibi tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀, ẹnì kan ṣoṣo ni ó ṣì ń kọ ohùn tirẹ̀ bí ó ti yẹ, gbogbo ènìyàn sì ń wò ó bí ẹni pé òun ni ó ṣì í. Lẹ́yìn náà orin já mọ́ wa lẹ́nu. Àwọn ọmọdé rẹ́rìn-ín. Alábòójútó wo ilẹ̀.

Mo yíjú sí ọmọ náà. Níwájú gbogbo ìjọ ni mo pariwo mọ́ ọn pé, "Ṣé o rí ohun tí o ṣe? O ti ba ọjọ́ Olúwa jẹ́! Bọ́ síta!"

Ó dìde. Kò sọ nǹkan kan. Ó mú aṣọ tí a fi ń bo dùùrù, ó tẹ́ ẹ lé e lórí, ó fà á ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bí ó ti máa ń ṣe lẹ́yìn ìsìn, ó sì jáde.

Ìdákẹ́jẹ́ tí ó tẹ̀lé e kò ṣeé sọ. Ìyá àgbà kan wà nínú ìjọ wa tí ó máa ń jókòó ní ìlà ẹ̀yìn, tí kò mọ̀wé, tí kò sì sí nínú ẹgbẹ́ akọrin nítorí pé a ní ohùn rẹ̀ ti gbó jù. Ìyá yìí ni ó fi àtẹ́lẹwọ́ lu ìjókòó iwájú rẹ̀, tí ó sì dá orin. Orin kúkúrú ni, irú èyí tí a ń kọ níbi ìṣọ́ òru. Ẹnì kan gbè é, ẹni kejì gbè é. Kí á tó ṣẹ́jú, gbogbo gbọ̀ngàn ti gbà á. Ẹnì kan mú ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ jáde láti ibi tí a jù ú sí láti ìgbà tí a ti ra dùùrù. A kọrin títí òógùn fi bò wá, alábòójútó fúnra rẹ̀ ń jó. Ọ̀pọ̀ sunkún. Ọkùnrin kan tí ìyàwó rẹ̀ ti ń bẹ̀ fún ọdún mélòó kan jáde wá síwájú lọ́jọ́ náà, ó fi ayé rẹ̀ fún Olúwa.

Lẹ́yìn ìsìn, àwọn ará ń bọ̀ mí lọ́wọ́. Wọ́n ní àwọn kò rí irú ọdún Àjíǹde bẹ́ẹ̀ rí. Mo rẹ́rìn-ín músẹ́, mo sì ń gba ìyìn. Ọmọ tí mo lé jáde ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ lẹ́yìn ògiri.

Orin tí kò nílò iná

Mo ti ronú púpọ̀ lórí ìdí tí orin Ìyá fi gbà nígbà tí tiwa já. Ẹ ó ní Ẹ̀mí Mímọ́ ni, mo sì ṣe àmín sí i. Ṣùgbọ́n ohun mìíràn wà níbẹ̀ tí àwa olórí akọrin gbọ́dọ̀ mọ̀, nítorí pé Ẹ̀mí Mímọ́ kì í kọ ẹ̀yìn sí òye.

Èdè wa jẹ́ èdè tí ohùn ń gbé ìtumọ̀ rẹ̀ ró. Bí a bá kọ i, gb àti a sílẹ̀ lásán, ta ni yóò mọ̀ bóyá igba ni, tàbí igbá, tàbí ìgbà? Ohùn ni ó yà wọ́n. Nígbà tí àwọn míṣọ́nnárì àti àwọn ọmọ wa tí ó ti Sàró dé gbé ìhìnrere wá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, wọ́n tú orin ìsìn láti Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá, ṣùgbọ́n ohùn orin Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi gbé e. Níbi tí ọ̀rọ̀ ti ní kí ohùn lọ sílẹ̀, orin ní kí ó gòkè. Bí ẹni tí kò mọ orin náà tẹ́lẹ̀ bá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó lè máà mọ̀ ohun tí a ń wí rárá, tàbí kí ó gbọ́ ohun tí a kò wí. Odidi ìjọ ń kọrin pẹ̀lú ìgbàgbọ́ àti omijé, orin náà sì ń pe ọ̀rọ̀ mìíràn. Bí ẹ bá ń wá ohun tí ó lọ ṣòdì nínú orin ìjọ, mo rò pé ìyẹn ju kí jẹnẹrétọ̀ kú lọ, ó sì pẹ́ ju ẹsẹ orin kan lọ.

Kí ni àwọn bàbá wa ṣe sí i? Àwọn kan kò tilẹ̀ rí i gẹ́gẹ́ bí ìṣòro. Àwọn mìíràn jókòó tì í. Ọ̀kan nínú wọn ni Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta, tí a bí ní ọdún 1855, tí ó sì kú ní ọdún 1930. Ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni, ó sì mọ orin ìsìn ti àwọn òyìnbó dáadáa, ṣùgbọ́n ó ń ṣe orin tirẹ̀ pẹ̀lú ohùn tí ó bá ọ̀rọ̀ Yorùbá mu, ó sì ń fi í wàásù. Nígbà tí ó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ní ọdún 1922 ilé iṣẹ́ Zonophone gba orin rẹ̀ sínú àwo, ó lé ní ogójì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn lónìí kò mọ̀ ọ́n ju pé bàbá bàbá Fẹlá ni, bẹ́ẹ̀ ni lára orin tí ìjọ Yorùbá ń kọ títí di òní ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá.

Èkejì ni T. K. Ekundayo Phillips, tí a bí ní ọdún 1884. Ó kọ́ ẹ̀kọ́ orin ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì jẹ́ atẹdùùrù àti ọ̀gá orin ní Kàtídírà Christ Church ní Èkó láti ọdún 1914 títí di ọdún 1962. Ẹ ro ó wò ná: ọdún méjìdínláàádọ́ta nídìí iṣẹ́ kan! Ọkùnrin tí ó ní dùùrù ńlá tí ó ń fi páìpù kọrin ni ẹni tí ó jókòó kọ̀wé ní ọdún 1953 lórí orin Yorùbá, tí ó sì rọ̀ wá pé kí ohùn orin máa tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀. Kò ju dùùrù rẹ̀ nù. Ó jẹ́ kí dùùrù kọ́ Yorùbá.

N kò kẹ́gàn àwọn orin tí a tú. Inú wọn ni ìyá mi bí mi sí, tí n bá sì ń kú lọ, ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan nínú wọn wà lẹ́nu mi. Ohun tí mo ń sọ ni pé lọ́jọ́ náà ní Challenge, orin tí a fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kọ́ kò lè dúró láìsí iná, nítorí pé iná ni ó gbé e dúró. Orin Ìyá bá ẹnu rẹ̀ mu bí ìgbà tí ó ń kí ènìyàn ní ẹ káàárọ̀. Ta ni ó nílò dùùrù láti kí ènìyàn?

Àpòòwé tí ó wà lábẹ́ aṣọ

Ọmọ náà kò wá sí ẹ̀kọ́ Bíbélì lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Kò wá sí ìdánrawò lọ́jọ́bọ̀. Mo ní, bí ó bá ti bínú tán, yóò wá. Nígbà tí mo ká aṣọ kúrò lórí dùùrù, mo rí àpòòwé kan lábẹ́ rẹ̀. Owó epo tí akápò fún un ni, kò dín ní kọ́bọ̀ kan. Inú mi ru sókè. Mo ní, "Ẹ ò rí i! Kò tilẹ̀ lọ sí ilé epo rárá!" Ẹgbẹ́ akọrin mi orí pẹ̀lú mi.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo ń kọjá lọ níwájú ilé àlhájì kan, aládùúgbò wa, ó jókòó síta pẹ̀lú tẹ̀sùbáà rẹ̀. Ó pè mí.

"Ọ̀gá olórin, ẹ kú ọdún o. Ṣé epo yẹn tó yín lò?"

Mo dọ̀bálẹ̀ kí i. Mo ní, "Ẹ kú ilé, sà. Epo wo nìyẹn, sà?"

Àlhájì wò mí. Ó ní lẹ́yìn ìrun alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta tí ó ṣáájú ọdún wa ni òun rí ọmọ náà tí ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì òfìfo. Láti ìdájí ni ó ti wà lórí ìlà. Nígbà tí ó ku ẹni mẹ́ta kí ó kàn án, ilé epo ní epo tán. Ó rìn lọ sí ilé epo mìíràn, kò sí. Àlhájì ní òun fi rọ́bà fa epo láti inú ọkọ̀ òun, lítà méjì ni ó ṣẹ́kù tí ó lè jáde. Ọmọ náà fún òun ní owó, òun kò gbà á. "Mo ní, ṣé kí n máa ta epo fún ilé Ọlọ́run ni?"

Mo dúró síbẹ̀ bí igi. Nígbà náà ni mo rántí pé ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àjíǹde, ọmọ náà ti wá bá mi pé, "Bọ̀dá, epo wa ò pọ̀ o. Ẹ jẹ́ ká pa ẹ̀rọ títí ó fi máa kan akọrin." Mo dá a lóhùn pé kí ó lọ wọ aṣọ rẹ̀, kí ó yé dà mí láàmú. Alábòójútó ni mo ń wá ìjókòó tí ó dára fún.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni mo lọ sí ilé wọn. Ìyá rẹ̀ ń ta ẹ̀kọ, ó ń fọ ìkòkò lọ́wọ́. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó ní, "Ẹ dìde, Bọ̀dá, ẹ dìde. Ọmọ yín ni, ẹ lè bá a wí." Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ń nu ọwọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ṣùgbọ́n níwájú ìjọ lẹ ti bú u. Ẹ̀yìn ìkòkò mi lẹ wá ti ń tọrọ àforíjì."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ inú egungun mi. Mo ṣèlérí fún un pé n ó sọ ọ́ níwájú ìjọ. Ẹ̀yin ará, ó gba mí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n tó rí ìgboyà. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, mo ní ìkéde ti pọ̀ jù. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo ní àlejò wà. Nígbà tí mo fi dúró tí mo sì jẹ́wọ́, ọmọ náà ti lọ sí ọ̀dọ̀ arákùnrin ìyá rẹ̀ ní Kàdúná láti lọ kọ́ṣẹ́. Ìjókòó òfìfo ni mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀.

Oṣù mẹ́ta Dáfídì

Nígbà tí mo dé ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì, olùkọ́ wa ní kí a ka 1 Kíróníkà orí 13 àti 15 papọ̀. Mo kà á, mo sì rí ara mi.

Dáfídì fẹ́ gbé àpótí ẹ̀rí bọ̀. Orin wà níbẹ̀: dùùrù, ìlù, aro, fèrè, gbogbo Ísírẹ́lì sì ń fi agbára wọn gbogbo ṣeré. N kò rò pé ẹnikẹ́ni nínú wa tíì rí irú ẹgbẹ́ akọrin bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ tuntun ni wọ́n gbé àpótí náà lé, bí àwọn Fílístínì ti ṣe, nígbà tí òfin ní èjìká àwọn ọmọ Léfì ni ó yẹ kí ó gbé e. Màlúù kọsẹ̀, Úsà na ọwọ́, ó sì kú. Orin já mọ́ wọn lẹ́nu.

Ìwé Mímọ́ kò fi pa mọ́ pé Dáfídì bínú, lẹ́yìn náà ẹ̀rù bà á. Oṣù mẹ́ta ni ó fi àpótí náà sílẹ̀ ní ilé Obedi-Édómù. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣe nígbà tí ó padà wá ni ó yẹ kí gbogbo olórí akọrin kà. Kò pa orin tì. Kò wí pé Úsà ni ó ba ọjọ́ Olúwa jẹ́. Ó wí fún àwọn ọmọ Léfì nípa àṣìṣe ìgbà àkọ́kọ́, ó sì ka ara rẹ̀ mọ́ àwọn tí kò wá ọ̀nà Olúwa bí ó ti yẹ. Níwájú gbogbo ènìyàn ni ó ti wí i. Lẹ́yìn èyí ni ó wá yan akọrin, tí ó fi Kenanáyà ṣe olórí orin nítorí pé ó mọ̀ ọ́n. Ìmọ̀ kò ṣẹ̀.

Ohun kan tún wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ràn. Nínú orúkọ àwọn tí ó ta dùùrù lọ́jọ́ kejì yẹn, ẹ wo ẹsẹ 21, orúkọ Obedi-Édómù wà níbẹ̀. Àwọn kan ní ẹlòmíràn ni. Èmi gbà pé òun náà ni: ọkùnrin tí ó gba ohun tí ó dẹ́rù ba gbogbo ènìyàn sínú ilé rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, tí ó sì ti inú ilé náà jáde di akọrin.

Nígbà tí ó bá ju iná lọ

Mo mọ̀ pé olùkàwé kan yóò wí pé, "Pásítọ̀, iná tí ó kú kì í ṣe ìṣòro. Èmi ń darí orin nígbà tí ọkọ mi wà lórí bẹ́ẹ̀dì." Òótọ́ ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn ọkùnrin kan fún yín.

Orúkọ rẹ̀ ni Thomas Dorsey, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú, ọmọ oníwàásù, tí a bí ní ọdún 1899. Ó ti tẹ dùùrù fún àwọn olórin blues, Georgia Tom ni wọ́n ń pè é, kí ó tó yí gbogbo ọkàn rẹ̀ sí orin ìhìnrere. Ní ọdún 1932, ó wà ní ìjọ Onítẹ̀bọmi kan tí ń jẹ́ Pilgrim, ní ìlú Chicago. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, wọ́n pè é sí ìpàdé ìsọjí ní St. Louis láti wá kọrin. Nettie, ìyàwó rẹ̀, lóyún, ọjọ́ ìbí sì ti sún mọ́. Ọkàn rẹ̀ kò fẹ́ lọ, ṣùgbọ́n ó lọ. Ibi ìpàdé yẹn gan-an ni wọ́n ti mú wáyà wá fún un pé ìyàwó rẹ̀ ti kú nígbà tí ó ń bímọ. Nígbà tí yóò fi délé, ọmọkùnrin ni Nettie bí. Láìpẹ́, ọmọ náà kú. Inú pósí kan náà ni ó sin àwọn méjèèjì sí.

Dorsey fúnra rẹ̀ sọ lẹ́yìn náà pé òun rò pé Ọlọ́run ti rẹ́ òun jẹ, pé òun kò fẹ́ sìn ín mọ́, òun yóò padà sí orin ayé. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, nínú yàrá tí dùùrù wà, orin kan wá sí i lẹ́nu pẹ̀lú ohùn orin ìsìn àtijọ́ kan. Orin náà ni Take My Hand, Precious Lord. Mahalia Jackson ni ó kọ ọ́ níbi ìsìnkú Martin Luther King ní oṣù kẹrin ọdún 1968. Dorsey gbé ayé títí di ọdún 1993.

Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú ìtàn yìí o. Mo ti gbọ́ oníwàásù kan tí ó lò ó láti fi wí pé Ọlọ́run mú ìyàwó ọkùnrin náà lọ kí orin lè jáde. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Orin kan kì í ṣe pàṣípààrọ̀ ìyàwó àti ọmọ, bó ti wù kí orin náà tàn kálẹ̀ tó. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé ọkùnrin náà kò fi ìbínú rẹ̀ pamọ́ fún Ọlọ́run, Ọlọ́run kò sì lé e jáde nínú ilé nítorí ìbínú náà. Kò sí ẹni tí ó ní kí ó bọ́ síta.

Nítorí náà, bí arábìnrin tí ó ń dá orin nínú ìjọ yín bá pàdánù ẹnì kan, ẹ má ṣe fi ipá mú un kọrin lọ́jọ́ Ìsinmi tí ó tẹ̀lé e kí ayé lè rí i pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ lágbára. Nínú Orin Dáfídì 137, àwọn ẹni Ọlọ́run gbé dùùrù wọn kọ́ igi, wọn kò lè kọrin, ọ̀rọ̀ wọn sì wọ inú Bíbélì. Ẹ jẹ́ kí ó jókòó. Ẹ gbé oúnjẹ lọ fún un. Ẹlòmíràn lè dá orin.

Ẹ̀yin òbí náà, ẹ gbọ́ tiyín. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó ti pa orin Ọlọ́run tì nídìí abọ́ ìrẹsì ọ̀sán Sunday, nígbà tí bàbá ń ka ibi tí ọmọ ti ṣì í fún un, tí àwọn àbúrò sì ń sín in jẹ. Ẹ bi í ní ohun tí ó ń rò nígbà tí ó ń kọrin. Àṣìṣe rẹ̀, ó ti mọ̀ ọ́n kí ẹ tó délé.

Fún àwọn olórí akọrin, mi ò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ dánra wò dáadáa, ọ̀lẹ kì í ṣe ẹ̀mí. Ẹ máa pa dùùrù nígbà mìíràn níbi ìdánrawò, kí ẹ mọ̀ bóyá orin náà lè dá rìn. Bí ọmọdé bá sì wá sọ fún yín pé epo kò pọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró gbọ́ ọ.

Ní ọdún 2011, fóònù mi dún. Ọmọ náà ni, ó ti di bàbá ọmọ mẹ́ta, ó ń gbé ní Kàdúná. Ẹ má rẹ́rìn-ín: àtúnṣe jẹnẹrétọ̀ ni iṣẹ́ tí ó kọ́. Ìyá rẹ̀ ni ó fún un ní nọ́ńbà mi kí ó tó sùn nínú Olúwa. Mo bẹ̀rẹ̀ sí tọrọ àforíjì, ó dá mi dúró. Ó ní, "Ẹ má jẹ́ kó jẹ yín lọ́kàn mọ́, sà. Mo ti gbàgbé." Ṣùgbọ́n kí ó tó gbé fóònù sílẹ̀, ó bi mí pé, "Sà, ṣé dùùrù yẹn ṣì wà?" Mo sọ fún un pé ó ti bàjẹ́. Mo bi í bóyá ó ń tẹ dùùrù ní ìjọ tí ó wà. Ó ní rárá, òun kò fọwọ́ kàn án mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ní ọdún tó kọjá, nínú ìjọ tí mo ń bójú tó báyìí, ẹ̀rọ tí ń gbé iná pamọ́ kú ní àárín ìyìn. Pátákó tí ọ̀rọ̀ orin ń hàn lójú rẹ̀ ṣókùnkùn. Ohùn akọrin dà rú. Ọmọbìnrin kékeré tí ó ń tẹ dùùrù gbé ojú sókè wò mí, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ṣì wà lórí dùùrù tí kò dún mọ́, mo sì mọ ohun tí ó ń retí láti ẹnu mi. Mo rìn lọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo pàtẹ́wọ́, mo sì dá orin Ìyá.

Òun ni ó kọ́kọ́ gbè é.